Iṣu Tó Bọ́ ní Ọrùn Òkè

Ọkùnrin kan wà, àgbẹ̀ ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ṣàìsàn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò fi gbé e mọ́. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọmọ náà, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́: "Olúwa, bí ọmọ yìí bá tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, iṣu tó bá tóbi jù lọ nínú oko mi ni n ó gbé wá fún ọ lórí òkè mímọ́." Ọlọ́run gbọ́. Kí wọ́n tó wa iṣu ọdún náà, ọmọ ti ń sáré lé adìyẹ kiri àgbàlá.

Òkè tí mo ń wí yìí, iná ló bí i. Láyé àtijọ́, inú rẹ̀ hó títí iná fi ru jáde lórí rẹ̀, bí ẹ̀kọ tó ru kọjá ẹnu ìkòkò. Iná náà ti rọlẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n èéfín díẹ̀díẹ̀ ṣì ń rú níbẹ̀, ilẹ̀ sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bí ààrò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ á bọ́ bàtà rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ibì kan wà nítòsí ṣóńṣó òkè náà tí wọ́n ń pè ní Ọrùn. Yanrìn dúdú ni gbogbo ibẹ̀, eérú iná àtijọ́. Bí ènìyàn bá dá a gùn, bó ti ń gbẹ́sẹ̀ sókè ni yanrìn ń fà á padà sísàlẹ̀. Àṣà ibẹ̀ ni pé kí gbogbo ẹni tó bá dé Ọrùn so ọwọ́ pọ̀, kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Aṣíwájú á ké pé, "Ṣé ọwọ́ pé?" Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá á dáhùn pé, "Ó pé!" Ìgbà náà ni wọ́n tó lè gbéra. Ẹnì kankan kò sì gbọdọ̀ kọ ọwọ́ ẹni tó bá dé sẹ́yìn rẹ̀, ìbáà ṣe àlejò, ìbáà ṣe ọ̀tá. Nítorí èyí, ọrẹ tó wọ àpò aṣọ ni àwọn ènìyàn máa ń mú lọ: obì, owú díẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo.

Àgbẹ̀ yìí mọ àṣà náà. Ṣùgbọ́n ó ní oore ńlá kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo dúpẹ́ rẹ̀. Ó gbé iṣu kan tí ènìyàn ní láti gbá mọ́ra bí ọmọ. Nígbà tó dé Ọrùn, ó bọ́ sẹ́yìn pátápátá. Ó fi ọwọ́ kan di ìyá àgbà tó wà níwájú rẹ̀ mú, ó fi èkejì gbá iṣu mọ́ àyà. Ọgbọ́n rẹ̀ dùn mọ́ ọn.

"Ṣé ọwọ́ pé?"

Bó ti la ẹnu láti dáhùn ló gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni wọ́n ti ń jà lórí ààlà oko. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà odò, ọ̀kan á yà sínú igbó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀nà," ni àbúrò wí. Ó nawọ́.

Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ náà, ó wo iṣu rẹ̀.

"Ṣé ọwọ́ pé?" Aṣíwájú tún ké.

Oòrùn ti ń ga, yanrìn ti ń gbóná. Àwọn ènìyàn ń gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n ń sọ èkejì kalẹ̀, bí ẹni tó tẹ ẹ̀yinná. Ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ṣé ẹ fẹ́ sè wá jẹ ni?"

"Ẹ̀jẹ́ ni, ìyá," ni ẹ̀gbọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ìyá àgbà náà. "Mo ti ṣèlérí iṣu yìí fún Ọlọ́run. Bí mo bá jù ú sílẹ̀, tí nǹkan bá tún ṣe ọmọ mi ńkọ́?"

Ìyá àgbà bojú wẹ̀yìn. Ó wo ẹ̀gbọ́n, ó wo àbúrò, imú kan náà ló rí.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ó ní, "ṣé iṣu ni ìyá rẹ bí tẹ̀lé ọ ni?"

Àwọn tó gbọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó ṣí apá rẹ̀. Iṣu náà já bọ́, ó ń yí gbirigbiri lọ nínú yanrìn dúdú, títí ó fi fọ́ sára àpáta nísàlẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo sẹ́yìn, ó di àbúrò rẹ̀ mú gírígírí.

"Ó pé!" Àbúrò ló dáhùn. Òkè gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń dún lọ.

Wọ́n gbéra. Yanrìn fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n lọ lẹ́ẹ̀kan, àbúrò fi èjìká tì í lẹ́yìn. "Ẹ má wolẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo wà níbí." Báyìí ni wọ́n ṣe yọ sókè, tí ayé tẹ́ lọ rẹrẹ lábẹ́ wọn, tí orin sì gba gbogbo ẹnu.

Bàbá tó ń tọ́jú ibi mímọ́ náà bi ẹ̀gbọ́n pé, "Kí lo mú wá?"

Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Iṣu mi ti bọ́ ní Ọrùn, bàbá. Àbúrò mi nìkan ni mo fà dé."

Bàbá yíjú sí àbúrò. Ìyẹn ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo jáde. Ó ní, "Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò lè rìn, mi ò lè wọ ilé wọn. Ilé mi ni mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ tèmi lórí ọmọ náà. Òun ni mo wá san."

Ẹ̀gbọ́n gbá a mọ́ra. Bàbá náà pín àgbàdo sí ọwọ́ àwọn méjèèjì, ó ní, "Ẹ gbé e kalẹ̀ pọ̀. Ọrẹ yín ti dé." Ariwo ayọ̀ tó sọ lórí òkè lọ́jọ́ náà, àwọn ará ìsàlẹ̀ rò pé iná àtijọ́ ló tún jí.

Arábìnrin mi, mo mọ̀ pé ò ń múra ìdúpẹ́. O ti so àgbò mọ́lẹ̀, o ti yan orin tí a ó jó dé iwájú pẹpẹ. Ó dára, èmi náà á bá ọ jó. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá rẹ tí o kì í kí, ẹ̀yìn rẹ gan-an ni yóò tò sí, á sì nawọ́. Má jẹ́ kí ọrẹ gba ọwọ́ tó yẹ kí o fi dì í mú. Ọlọ́run kò ní torí iṣu bínú sí ọ. Wọ́n ti ń ké láti iwájú pé ṣé ọwọ́ pé. Orí yanrìn gbígbóná ni gbogbo wa dúró sí, ìdáhùn rẹ là ń retí.