Ìbejì Akàn Tó Ń Sẹ́ Omi
Ààlọ́ o. Ẹ jẹ́ kó dún.
Ààlọ̀.
Ìbejì akàn kan ló ń sẹ́ omi odò fún àwọn ẹranko. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ jáde, wọ́n á gba èyí tó dára padà, ìdọ̀tí á sì ṣàn lọ. Ọ̀bọ rí dídà, kò dúró rí gbígbà, ó sáré lọ bá Erin ọba.
"Kábíyèsí, wọ́n ń fi omi wa ṣòfò."
Erin ọba lé wọn.
Lọ́jọ́ kìíní, omi dọ̀tí. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ Erin wú. Lọ́jọ́ kẹta, kò lè dìde mọ́, ó ní kí wọ́n pe àwọn akàn padà. Àwọn akàn padà dé, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kọrin. Ẹ gbè é:
A dà á, a gbà á.
Ẹ wò ó tán.
Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn yín. Kíndìnrín méjì ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí rẹ̀ lẹ ń tọ̀. Ẹni tí kì í mumi nínú yín, àwọn akàn tirẹ̀ ló ń lé lọ yẹn.