Atúfọ̀ Tí Kò Fẹsẹ̀ Rìn Mọ́

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí kò tóbi, iṣẹ́ tí agboolé rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ni pé kí ó máa túfọ̀. Bí àgbàlagbà kan bá papòdà, òun ni wọ́n ń rán lọ sọ fún ìyàwó, fún ọmọ, fún àna tó wà lọ́nà jíjìn. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń lé kiri. Ẹni tó ń ṣe é kì í lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀, torí pé bí ó bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán lásán, àyà ẹlòmíràn á já, kódà bó jẹ́ iyọ̀ ló wá tọrọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n bọ̀wọ̀ fún un nítorí ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá sáré wá bá a pé lágbájá ti kú, kò ní tíì wọ bàtà. Á ní, "Mo gbọ́. Ẹ mú mi dé ibẹ̀ ná." Á wọ yàrá lọ, á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òkú, á jókòó tì í díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó mú ẹnìkejì dání, tí wọn yóò sì gbéra. Bí ó bá dé ilé ẹni tí ó ń lọ bá, kì í sọ̀rọ̀ lórí ìdúró. Á béèrè omi mu. Bí onílé bá ń jẹun lọ́wọ́, á dúró kí ó jẹun tán. Á wo ẹni tó wà nítòsí tí yóò lè dì í mú. Ìgbà náà ni yóò wá sọ pé, "Ìròyìn kò tó àfojúbà. Mo ti ibẹ̀ wá." Ẹni tó bá ti gbọ́ gbólóhùn yẹn kì í béèrè mọ́ bóyá òótọ́ ni. Á bú sẹ́kún.

Báyìí ni ó ń ṣe títí orúnkún rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ra fóònù fún un kí ó má baà máa rìn kiri mọ́, wọ́n sì fi í sí gúrúùpù agboolé lórí Wáàsáàpù. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá, fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fi orúnkún dídùn rìn dé ilé àna kan ní òdìkejì ìlú, ó jókòó, ó béèrè omi. Obìnrin ilé náà wò ó, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. A ti rí i lórí fóònù láti àárọ̀. Àwòrán òkú náà wà níbẹ̀." Ọkùnrin náà mu omi rẹ̀ tán, ó dìde, ó padà sílé. Ó dùn ún dọ́kàn, ó sì rẹ̀ ẹ́. Ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹsẹ̀ òun tún wúlò fún.

Kò pẹ́ sí i, baálé agboolé wọn lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní ìlú ńlá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú un lọ. Ìyàwó rẹ̀, ìyá arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra tipẹ́, ni ó kù sílé. Kò mọ́ ìyá náà lára kí ọkọ rẹ̀ má sí nílé. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń bi pé ṣé wọ́n ti gbúròó bàbá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ wọlé sórí fóònù atúfọ̀. Nọ́ńbà náà ṣàjèjì, ṣùgbọ́n ohùn náà kì í ṣe àjèjì. Ohùn àbúrò baálé ni, èyí tó ń gbé ní ìlú ńlá náà, tó sì máa ń fi ohùn àdúrà ránṣẹ́ sí gúrúùpù ní àràárọ̀. Ó ń sunkún. Ó ní fóònù òun ti bàjẹ́, ti ẹlòmíràn ni òun yá lò. "Ẹ̀gbọ́n, ilé ti wó o. Baálé ò jí mọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ. Ẹ bá wa sọ fún ará ilé." Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ibi tí ará ilé lè san owó ìsìnkú sí.

Dá mi lóhùn, òkú wo ló máa ń yára tọrọ owó tó bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò rí ìyẹn. Omi ti kún ojú rẹ̀, torí òun àti baálé ni wọ́n jọ ṣe kékeré. Ó tún ohùn náà gbọ́. Ó rò ó pé kí òun wọ mọ́tò lọ sí ìlú ńlá, kí òun fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe òun. Orúnkún rẹ̀ dá a lóhùn. Ó rò ó pé kí òun pe ọmọbìnrin baálé. Ó tún rò ó pé bí òun bá ń pè kiri, àwọn ọmọ kan yóò ti gbé e síta ṣáájú òun, wọn yóò sì tún sọ pé bàbá ti pẹ́ dé. Àbí ta ni kò mọ ohùn yìí? Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù agboolé bó ṣe wọlé gan-an. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé erin ti wó.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò tíì dé. Nínú gúrúùpù yẹn, ọmọ ilé kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ó rí ọ̀rọ̀ owó, ara fu ú, ó sì ti ń kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má tíì sunkún. Nígbà tí ó wá wo orúkọ ẹni tó gbé e wá, ó pa ohun tó kọ rẹ́. Ó ní, "Bí bàbá yìí bá ti sọ pé ẹnì kan kú, wọ́n ti fọwọ́ kan òkú náà nìyẹn." Báyìí ni gbogbo wọn ṣe gbà á. Ìwà rere tí ọkùnrin náà fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ ni irọ́ náà gùn bí ẹṣin wọ inú ilé.

Ìyá arúgbó ń fẹ́ iná lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí obìnrin ilé kan tẹ ohùn náà, tó sì ń dún sókè. Kò sí ẹni tó ní kí ìyá kọ́kọ́ jókòó. Kò sí ẹni tó wà nítòsí tí yóò dì í mú. Ó gbọ́ ẹkún àbúrò ọkọ rẹ̀, ó gbọ́ pé baálé ò jí mọ́, ó dìde, ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀, ó ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àbúrò baálé ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù rẹ̀, tó sì pariwo sínú gúrúùpù: "Ẹ̀yin ará ilé, èmi kọ́ o! Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ láàyè, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn ni. Kí lẹ̀ ń wí?" Àwọn gbájúẹ̀ ló ṣe é. Àdúrà tó ń gbà, tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ kiri, ni wọ́n kó jọ fún ẹ̀rọ kan tó ń sín ohùn ènìyàn jẹ, ẹ̀rọ náà sì sunkún bí ọmọ ènìyàn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí ò tilẹ̀ lo ogún ọdún. Òtítọ́ bá a lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì bá òkú nílẹ̀.

Ó wá ku ẹni tí yóò lọ túfọ̀ fún baálé. Àwọn ọmọ ilé ní kí ẹlòmíràn lọ. Ọkùnrin náà kọ̀. Ó wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ òkú ìyá náà sí, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó tì í pẹ́. Ó mú ẹnìkejì dání, wọ́n wọ mọ́tò.

Báńdéèjì wà lójú baálé lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tó tíì sọ fún un pé wọ́n ti sunkún òun nílé. Bí ó ti gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn, ó gbìyànjú láti dìde jókòó. Ó ní, "Ìwọ! Pẹ̀lú orúnkún yẹn! Ẹ wá àga fún un. Ìyàwó mi ló rán ọ, àbí? Mo mọ̀ pé kò ní lè mú un mọ́ra. Kí ló fi rán ọ sí mi?" Ó na ọwọ́ síwájú láìríran, ó ń retí ẹrù. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ọkùnrin náà tí yóò fi sí i.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé o kì í ṣe gbájúẹ̀. Ọkùnrin yẹn náà kì í ṣe gbájúẹ̀. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ pé, "Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe fi ránṣẹ́." Ìka tí o fi ń tẹ fóònù yẹn, ẹsẹ̀ ni. Ilé onílé ló ń wọ̀, kì í sì í kan ilẹ̀kùn. Nígbà kan, bí a bá ti gbọ́ ohùn ẹni tí a mọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ayé ìyẹn ti lọ. Wọ́n ti ń ṣe ohùn, wọ́n ti ń ṣe ojú, wọ́n ń gbé fídíò ìjà ìlú mìíràn wá, wọ́n ní ìlú tìrẹ ni. Nítorí náà, máa béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Máa béèrè ohun tí ẹni tó ṣe é fẹ́ kí o ṣe kí o tó ronú. Pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, lórí nọ́ńbà tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí o kò bá sì rí i bá sọ̀rọ̀, gbé e sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kú torí pé ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí àwọn ènìyàn bá sì fọkàn tán ọ, tìrẹ tún le jù, torí wọn ò ní yẹ ohun tí o bá sọ wò.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni, ó sì ń rẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rẹ̀ ọ́ jù láti wádìí, jẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́ láti fi ránṣẹ́ pẹ̀lú.