Ilé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fọwọ́ Kàn

Ní Ìdó-Àpáta, bí ẹnìkan bá ń yangàn pé òun kì í kúrò nídìí nǹkan, pé tọ̀sán-tòru ni òun ń mójú tó o, èsì tó máa gbà kò ju ọ̀kan lọ: "Ojú kì í rẹ́ ògiri." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á máa wò wá bí ẹni tó mu ẹmu àná. Amọ̀ la fi ń rẹ́ ògiri, ọwọ́ la sì fi ń rẹ́ ẹ. Ta ló ní ojú ń rẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀? Àwa ni. Ẹ jẹ́ ká fẹnu ara wa sọ ọ́ kí ará ìlú kejì tó bá wa sọ ọ́.

Orí òkè ni àwọn baba ńlá wa tẹ̀dó sí nígbà ogun. Nígbà tí ogun tán, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ilé amọ̀ kan sílẹ̀ lókè, níbi tí ọba tuntun gbọ́dọ̀ sùn kó tó dé adé. Lọ́dọọdún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, àwọn obìnrin á ru amọ̀ gòkè, wọ́n á pò ó mọ́ bọ́tọ̀ màlúù àti omi èèpo irúgbá, wọ́n á fi rẹ́ ara ilé náà yíká. Ohun tó ń mú un dúró nìyẹn.

Nígbà tó yá, ìjọba kéde pé òkè náà ti di ohun àjogúnbá tó wà lábẹ́ ààbò. Wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀: MÁ FỌWỌ́ KAN OHUNKÓHUN. Wọ́n sì fi Ògúndáhùnsí, ọmọ ìlú wa, ṣe olùṣọ́. Ògúndáhùnsí ti fọ́ òkúta lẹ́bàá títì títí èékánná rẹ̀ fi ya, kò sì sí ẹni tó kí i kú iṣẹ́ rí. Wọ́n wá fún un ní aṣọ kakí, bàtà àti fèrè. Ó mọ̀ ọ́n dájú pé bí iṣẹ́ òkè yìí bá bọ́, ìdí òkúta ni òun ń padà sí.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn, àwọn obìnrin gòkè. Ìyá Fẹ́hìntọ́lá, ẹ̀gbọ́n ìyá Ògúndáhùnsí, ló ṣíwájú tòun ti agbọ̀n amọ̀ lórí. Fèrè dún.

"Ògúndáhùnsí, èmi lò ń fọn fèrè lé bí ẹyẹ oko?"

"Ẹ má bínú, màmá. Ẹ ka pátákó."

"Mi ò mọ̀wé. Kà á fún mi."

Ó kà á. Ìyá wo pátákó, ó wo ògiri.

"Àwa náà ló ń bá wí?"

"Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, màmá. Àwọn ọ̀gá ń bọ̀ nígbà òjò. Bí wọ́n bá rí ipa ọwọ́ lára ògiri, ta ni wọ́n máa mú?"

"Ipa ọwọ́ wo? Kí ló tún wà lára rẹ̀ bí kò ṣe ipa ọwọ́? Àbí kakí yìí ti wọ̀ ọ́ lórí ni?"

Àwọn obìnrin yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bó bá gbà fún wọn báyìí, ta ló tún máa bẹ̀rù fèrè rẹ̀? Ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n da amọ̀ sí ẹsẹ̀ pátákó, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

Ká má purọ́, Ògúndáhùnsí ṣọ́ ilé yẹn dáadáa. Ó lé ewúrẹ́. Ó lé ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ kọ orúkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sára ògiri. Ó tilẹ̀ lé pásítọ̀ tó wá gbàdúrà. Òjò dé. Ó rí i pé ògiri ti ń mu omi, ó sún mọ́ ọn, ó nawọ́. Ó rántí pátákó, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó wá tẹjú mọ́ ògiri náà. Bó ti ń tẹjú mọ́ ọn lọ́wọ́ ni ògiri rọra jókòó sílẹ̀ bí arúgbó tó ti rẹ̀. Òrùlé tẹ̀ lé e, gbì!

Àwọn ọ̀gá dé. Ògúndáhùnsí dúró ṣánṣán, ó kí wọn bí ọmọ ogun.

"Olùṣọ́, ilé ọ̀hún dà?"

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá àgbà wo òkìtì tó wà níwájú rẹ̀. "Wọn ò rẹ́ ẹ lọ́dún yìí ni? Àlejò la kọ pátákó yẹn fún!"

Ìyá Fẹ́hìntọ́lá, tó bá wọn gòkè, jókòó sórí àpáta. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ọba tó ń bọ̀, níbo ló máa sùn?"

Ògúndáhùnsí bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò kakí sókè, ó wọ inú òkìtì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ amọ̀.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀, ọmọ yìí?"

"Ojú méjèèjì ni mo fi ṣọ́ ọ, màmá, mi ò mójú kúrò lára rẹ̀. Àṣé ojú kì í rẹ́ ògiri."

Ẹ̀rín gba ẹkún mọ́ màmá lẹ́nu. "Ọ̀dẹ̀. Bu omi sí i."

Ilé mìíràn ló wà lókè báyìí. A fi Ògúndáhùnsí ṣẹ̀sín títí, òun náà sì ń bá wa rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ kan tó béèrè ibi tí àwa wà lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Ìsàlẹ̀ níbí la wà. À ń wo òkè, à ń sọ fúnra wa pé ọmọ wa mà ń ṣiṣẹ́ o. Láti ọjọ́ náà, bá a bá pa òwe yìí, ara wa la ń pa á fún: ojú kì í rẹ́ ògiri.