Ọwọ́ Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀tọ́ dára lóde, inú rẹ̀ kìkì kòkòrò. Arákùnrin Ìbídàpọ̀ kó owó tó ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́rin sápò, ó lọ wo mọ́tò tòkunbọ̀ pupa kan tó fẹ́ rà. Ó gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì láti gbàdúrà, ló bá kígbe: "Ó ń gbóná! Iná Ẹ̀mí ti bà lé e!"

Bàbá Akínpẹ̀lú, mẹkáníìkì tó mú dání, rẹ́rìn-ín. "Iná ẹ́ńjìnì ni, ọmọ mi. Ẹni tó ń tà á ti tan án kí a tó dé. Tútù là á bá mọ́tò tí a fẹ́ rà. Jẹ́ ká dúró ná."

Nígbà tó tutù, wọ́n tún tan án. Ó wúkọ́ bí arúgbó, èéfín bo gbogbo wọn.

"Bàbá, mo ṣe bí Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi ni."

"Ó mà ti gbọ́! Ṣebí owó rẹ ṣì wà lápò?"