Honámà, Obìnrin Tí Ìyá Òrìṣà Ń Jáde Lọ Kí

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, kò sí ẹni tó ń fọkàn balẹ̀ sùn ní Hulikótè. Ìlú orí òkè ni, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Odi òkúta yí i ká, tẹ́ḿpìlì Dúrgà, òrìṣà obìnrin tó ń gun ẹkùn lọ sójú ogun, sì wà ní góńgó rẹ̀. Báírójì ló ń dà wọ́n láàmú. Kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe ọmọ ọba. Olórí àwọn jàǹdùkú ẹlẹ́ṣin ni, ó ń jí màlúù, ó ń fi iná sí abúlé, ó sì ń kó ọmọ ọlọ́mọ tà. Gbogbo abúlé ìsàlẹ̀ òkè ló ti jó di eérú. Hulikótè nìkan ló kù tí kò tíì rí gbà, nítorí ẹnubodè kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àtẹ̀gùn òkúta tóóró ló sì ti ibẹ̀ gòkè lọ sí tẹ́ḿpìlì.

Ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Nígbà tí Báírójì wà ní ọ̀dọ́, ó ti wá jọ́sìn ní tẹ́ḿpìlì yìí rí, ó jẹ oúnjẹ òrìṣà, ó sì mọ gbogbo àjọ̀dún ibẹ̀ bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Àwọn ará Hulikótè sì fẹ́ràn àjọ̀dún ju oorun lọ. Nígbà ìkórè, wọ́n á kun ìwo màlúù wọn ní àwọ̀ mèremère. Bí ọdún tuntun bá dé, tí wọ́n ń pè ní Ùgádì, wọ́n á jẹ ewé dongoyárò pọ̀ mọ́ ṣúgà ìrèké, kí ìkorò àti adùn ọdún náà lè jọ wọ ẹnu wọn pọ̀. Wọ́n ní Hólì, tí tọmọdé tàgbà ń da àtíkè aláwọ̀ lu ara wọn. Wọ́n ní Dìwálì, tí kò sí ojú fèrèsé tí kì í ní fìtílà. Ẹni tó bá ti mọ oṣù tó lé, ó mọ ibi tí gbogbo wọn máa wà lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Hólì ló kọ́kọ́ fi jẹ wọ́n níyà. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi àtíkè pupa kun ojú, wọ́n dà mọ́ èrò, kò sì sí ẹni tó dá àlejò mọ̀ yàtọ̀ sí onílé títí ọ̀bẹ fi jáde. Sidápà, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, ló kó àwọn tó kù jọ tí wọ́n fi lé wọn padà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ṣubú sí àárín ọjà. Honámà, ìyàwó rẹ̀, gbé orí rẹ̀ lé itan. Ó ń nu ojú rẹ̀, kò sì mọ èyí tó jẹ́ àtíkè àti èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sunkún. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń tan fìtílà kan fún Sidápà níwájú Dúrgà, kó tó lè fi oúnjẹ kan ẹnu. Fìtílà yẹn nìkan ló kù fún un nínú ọkọ.

Òjò dá, àjọ̀dún òru mẹ́sàn-án dé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀, gbogbo irin tó ń bọ́ èèyàn tàbí tó ń ṣọ́ èèyàn ni wọ́n máa ń kó wá fún Dúrgà: idà, ọ̀kọ̀, ọkọ́, abẹ onígbàjámọ̀, títí kan ọ̀bẹ ìdáná. Wọ́n á fọ̀ wọ́n, wọ́n á fi ata ilẹ̀ pupa pa wọ́n lára, wọ́n á fi òwú pupa dì wọ́n pọ̀. Irin ti ṣiṣẹ́ lọ́dún gbáko, wọ́n ní kó sinmi lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá já òwú náà kí ilẹ̀ tó mọ́ kò gbọdọ̀ tẹ inú tẹ́ḿpìlì mọ́ títí yóò fi kú, wọn kò sì gbọdọ̀ tan fìtílà fún òun tàbí fún èèyàn rẹ̀ tó ti kú nínú ibẹ̀ mọ́.

Honámà tọ Nanjúndà, àgbà àwòrò, lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

“Bàbá, ọkùnrin yẹn mọ ọjọ́ Hólì. Ṣé tòní ló wá máa gbàgbé?”

“Ọmọ mi, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.”

“Èyí kì í ṣe ekòló, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí idà àwọn tó wà lẹ́nubodè wà lọ́wọ́ wọn.”

“Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń dì í. Ìyá wa Dúrgà fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ wa lónìí.”

“Lọ́jọ́ Hólì ńkọ́?”

Àgbàlagbà náà mú òwú pupa nílẹ̀. Wọ́n ṣáà dì í. Èmi ò bú wọn o. Àṣà tó ti pẹ́ dà bí ilé tí a bí èèyàn sí, kì í tètè rí ibi tó ti ń jò.

Oúnjẹ àjọ̀dún ni wọ́n ń pín lọ́wọ́ lọ́sàn-án tí igbe fi ta. Báírójì ti wọlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè fi igi àti òkúta jà, wọ́n fi eyín jà, ṣùgbọ́n ọ̀tá gé wọn lulẹ̀ bí ẹni gé oko ìrèké. Àwọn tó ráyè sá gòkè wọ́ wọ tẹ́ḿpìlì. Ọ̀tá ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, orí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ tuntun wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ wọn. Àwọn ọkùnrin ìlú dúró, wọ́n ń wo idà tiwọn nílẹ̀, omi ń dà lójú wọn, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Ìgbà náà ni Honámà bọ́ sí iwájú òrìṣà.

“Ẹ gbọ́ mi. Mo mọ ohun tí òwú yìí já sí. Bí mo bá já a, fìtílà Sidápà kú nìyẹn, èmi náà ò sì ní wọ ilé Ìyá mọ́ láyé. Ẹ̀yin, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan tó gbogbo wa. Èmi ni màá já a, èmi ni màá rù ú. Idà tí mo bá nà sí yín, ọwọ́ mi lẹ ti gbà á.”

Ó kúnlẹ̀, ó fi eyín já òwú náà. Ó nawọ́ idà sí wọn, ó mú ti Sidápà fún ara rẹ̀, ó sì ṣáájú wọn jáde.

Honámà, obìnrin bí òkúta ẹnu ọ̀nà, ẹni tí ọ̀tá ń wò tó ń gbàgbé ilé! Ẹni àkọ́kọ́ tó pàdé rẹ̀ kò tíì gbé apá tí idà fi gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Ẹnìkejì gbé ọ̀kọ̀ sí i léjìká; ó fà á yọ, ó fi gún onítọ̀hún padà nínú. Àtẹ̀gùn tóóró náà kún fún ẹ̀jẹ̀ débi pé àwọn tó ń gòkè ń yọ̀ ṣubú lu àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, àwọn ọkùnrin Hulikótè sì ń ṣá wọn níbi tí wọ́n dojúbolẹ̀ sí.

Báírójì la òkú kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ará Hulikótè, òfin yín dà? Àbí obìnrin ló wá sọ yín di aláìní òrìṣà?”

“Òfin wà níbi tó wà,” ni Honámà wí. “Èmi ni mo kúrò lábẹ́ rẹ̀, nítorí tìẹ.”

Báírójì ṣá a, ó gé ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ méjì dànù. Kò sún sẹ́yìn. Ó ki idà bọ̀ ọ́ lábẹ́ ìhà títí èèkù fi kan ẹran ara, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í kúrò lẹ́nu idà. Bí àwọn ọmọ ogun ti rí i tí olórí wọn ń yí bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ará Hulikótè lé wọn títí dé odò, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì rí òdì kejì.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ lẹ́, gbogbo ìlú wẹ̀, wọ́n wọlé lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Dúrgà. Honámà gòkè dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé idà sílẹ̀, ó sì jókòó síta. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí.

“Mo ní èmi ni màá rù ú,” ó wí. “Ṣé ẹ fẹ́ kí n parọ́ níwájú Ìyá ni?”

Nanjúndà kò bá wọn bẹ̀ ẹ́. Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, àwọn tó ń gbé òrìṣà wà lẹ́yìn rẹ̀, Dúrgà wà lórí àga léjìká wọn, fìtílà Sidápà sì wà lọ́wọ́ òun, láìtíì tàn.

“Ọmọ mi, ìwọ lo ríran, èmi ni mo fọ́jú,” ni àgbàlagbà náà wí. “Òfin ní kí o má wọlé. Òfin kò ní kí Ìyá má jáde. Òfin ní kí a má tan fìtílà yìí nínú ilé. Ìta nìyí. Tàn án.”

Honámà fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tí ìka méjì ti gé tan fìtílà náà. Ó wá sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Hólì.

Ibẹ̀ ló ń jókòó títí ó fi kú, ibẹ̀ sì ni wọ́n ri òkúta rẹ̀ mọ́, tí wọ́n gbẹ́ obìnrin kan sí, idà lọ́wọ́ kan, fìtílà lọ́wọ́ kejì. Ẹsẹ̀ òkúta náà ni àtíkè Hólì ń kọ́kọ́ kàn kí ẹnikẹ́ni tó dà á lu ẹnìkejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ewé kíkorò àti ṣúgà Ùgádì sí, ibẹ̀ ni fìtílà Dìwálì àkọ́kọ́ ti ń tàn, Sidápà ló sì ni ín. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n ń di gbogbo irin, àyàfi idà kan. Obìnrin kan nínú ìdílé Honámà ló ń gbé e lé itan, tó ń jókòó ti òkúta náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí wọ́n bá sì gbé Dúrgà jáde, ní àjọ̀dún yòówù kó jẹ́, àwọn tó gbé e á dúró níbẹ̀, wọ́n á tẹ eékún díẹ̀ kí àga lè tẹ̀ síwájú. Àlejò á ní bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n á ní rárá o, Ìyá ń kí Honámà ni.