Àwọn Tí Kò Dáhùn Nínú Ẹ̀wọ̀n Ọba

Ọba Adéṣípẹ̀ ń fi ẹni tó bá jí iṣu kan ṣoṣo sẹ́wọ̀n ogún ọdún, ó sì ṣòfin pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jáde níbẹ̀ àfi ẹni tí òun bá wò lójú, tí òun sì ní kó máa lọ. Nígbà tí wọ́n mú opó kan, Ìbídùn, dé nítorí iṣu kan, obìnrin náà ní ẹ̀wọ̀n ti kún. Ọba ní, "Wá àyè jókòó níbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á bẹ́ ọ lórí." Ìbídùn wọlé. Ìdúró ni gbogbo àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà, wọ́n há débi pé ẹni tó bá kú kò ráyè ṣubú. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ kú ìdúró o." Àwọn kan dáhùn, àwọn kan ò dáhùn. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kábíyèsí, mo ti rí àyè, àmọ́ ẹ óò kọ́kọ́ wo àwọn tó dúró síbẹ̀ lójú kí wọ́n lè jáde, bí òfin yín ṣe wí." Ọba dìde. Ìbídùn ní, "Ẹ rọra o. Òkú wà láàárín wọn, ojú ọba ò sì gbọdọ̀ rí òkú. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, n ò mọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ rí." Ọba fọwọ́ bojú, ó kẹ̀yìn sílẹ̀kùn, ó pariwo pé, "Kí gbogbo wọn máa lọ!" Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ kọjá lẹ́yìn rẹ̀, títí ibẹ̀ fi pa rọ́rọ́. Ìbídùn ti délé kí ọba tó bèèrè pé, "Ṣé wọ́n ti lọ tán?" Láti inú ẹ̀wọ̀n, àwọn tí kò dáhùn ìkíni Ìbídùn wá dáhùn pé, "Ó ku àwa tí ẹ ò tíì wò."