Mànàmáná àti Èlùbọ́ Àwẹ̀ró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò títí, ó bà lé Àwẹ̀ró opó, ó bà lé Mànàmáná ọmọ òkè.

Ní ìgbà kan rí, Àwẹ̀ró bẹ gbogbo iṣu rẹ̀, ó bọ̀ ọ́, ó sá a sórí àpáta kí ó lè fi ṣe èlùbọ́. Èlùbọ́ yìí ni òun àti ọmọ rẹ̀ márùn-ún yóò jẹ títí iṣu tuntun yóò fi dé. Bí òjò bá pa á, ó bu nìyẹn, ebi wọlé.

Ṣùgbọ́n oko ń pè é. Ó bẹ Àrá olóhùn ńlá pé bí Òjò bá gbéra, kí ó ké sí òun. Àrá ní kí ó fọkàn balẹ̀, bí òun bá ké, òkú á dìde jókòó.

Mànàmáná, àbúrò Àrá, wà níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

“Màmá apàlọ́, ṣé Mànàmáná kò lè sọ̀rọ̀ ni?”

Odi ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹwà rẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ á kọ yẹ̀rì, ẹ ó rí abẹ́rẹ́ he nínú koríko.

Ní ọjọ́ kẹta, Òjò gbéra. Àrá ń wá fìlà. Ó rí fìlà, ó tún ń wú ikọ́, ó ń tún ọ̀fun ṣe.

Mànàmáná sáré bọ́ sí etí òkè, ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀nà oko. Yẹ̀rì!

Ọ̀bọ, tí ń bá Àwẹ̀ró ro oko, ní kí ó má dá a lóhùn, ta ní í rán odi níṣẹ́ ìkéde?

Yẹ̀rì! Yẹ̀rì!

Àwẹ̀ró ju ọkọ́ sílẹ̀. “Odi kì í sáré lásán. Ọmọ yìí ń bá mi sọ̀rọ̀.”

Ó sáré, àwọn ọmọ tẹ̀ lé e. Wọ́n kó apẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n kó méjì, wọ́n kó mẹ́sàn-án. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ni Àrá tó ké, ilẹ̀ mì tìtì: “Àwẹ̀ró, òjò ń bọ̀ o!” Òjò sì dé lẹ́sẹ̀ kan náà.

Àwẹ̀ró yọjú lójú fèrèsé. “Ẹ kú iṣẹ́, Baba Olóhùn. Àbúrò yín ti jíṣẹ́ náà kí ẹ tó rí fìlà.”

Láti ọjọ́ náà ni mànàmáná ti ń ṣíwájú àrá. Bí ẹ bá gbọ́ tí àgbà wí pé mànàmáná ti kọ, kì í ṣe ìran ló ń wò. Ó ní kí ẹ lọ kó ohun tí ẹ sá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fojú di ẹni tí kò lóhùn, ẹ má sì dúró de ariwo kí ẹ tó ṣe ohun tí ojú yín ti rí.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá parọ́, kí ahọ́n mi wúwo títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí n kò bá parọ́, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Pà! Pà! Pà!